Báwo ni ẹ ṣe ń tọ́jú àká fáìlì iná nínú DIALux àti Relux, nígbà tí ọ̀pọ̀ iná ọjà kò ní fáìlì kankan?

Oníná Ṣàbó (Ìkòròdú) béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà lẹ́nu iṣẹ́ iná. Ọ́fíìsì kékeré kan ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì jọ ní ní Ìkòròdú, níbi tí a ti ń ṣe ìṣirò ìmọ́lẹ̀ fún ilé gbígbé, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn, àti fún àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó wà lágbègbè àwọn iléeṣẹ́ ní Odogunyan. Nínú àwọn sọ́fúwíà ìṣirò ìmọ́lẹ̀, DIALux evo ni èmi ń lò. Ẹnì kejì mi kò fẹ́ fi Relux sílẹ̀, n kò sì lè bá a jà sí i, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni fódà tí a ń kó fáìlì iná sí, ìyẹn fáìlì tó ń sọ fún sọ́fúwíà bí ìmọ́lẹ̀ iná kan ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe ń tàn ká. Gbogbo rẹ̀ ti dàrú pọ̀ mọ́ra wọn, irú mẹ́ta, IES, LDT àti ULD, láìsí ẹni tó lè sọ ibi tí èyí ti wá tàbí ìgbà tí tọ̀hún dé. Iná àjà kan ṣoṣo wà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi, bí i "downlight tuntun", "downlight tuntun 2" àti "downlight èyí tó péye", bẹ́ẹ̀ iye lumen (àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára iná) tó wà nínú wọn kò dọ́gba. Ọ̀kan lè jẹ́ èyí tí iléeṣẹ́ tó ṣe iná náà fi ránṣẹ́, òmíràn sì lè jẹ́ èyí tí ẹnìkan ti tún ṣe nítorí iṣẹ́ kan tó ti parí tipẹ́. A kò mọ èwo ni èwo mọ́.

Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà. Bí a bá parí ìṣirò tán pẹ̀lú iná iléeṣẹ́ ńlá tí fáìlì rẹ̀ pé, oníbàárà á lọ ra èyí tó jọ ọ́ lójú ní Aláàbà tàbí ní ọjà Ṣàbó níbí, nítorí iye owó. Nígbà mìíràn, ó ti ra iná kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, á wá gbé páálí rẹ̀ sórí tábìlì, á sì ní kí a fi ṣe ìṣirò. Páálí náà kò ní ju wáàtì àti àwòrán lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé inú sọ́fúwíà ni ẹ ń tọ́jú àká yín sí àbí inú fódà tó dá dúró? Irú fáìlì wo ni ẹ fi ń ṣe ìpìlẹ̀? Kí ni ẹ sì ń ṣe sí iná tí kò ní fáìlì rárá?

Ẹ́ńjíníà Noforija (Ẹ̀pẹ́) fèsì:

Oníná Ṣàbó, ẹ kú ìbéèrè. Mímọ èyí tó jẹ́ ojúlówó láàárín fáìlì méjì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí pé bí ìyẹn kò bá yanjú, ètò fódà tó dára jù lọ kò lè gbà yín.

Fáìlì IES àti LDT kì í ṣe àdììtú. Lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán ló wà nínú wọn, Notepad tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín sì lè ṣí wọn. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìmọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló gbé ìlànà IES kalẹ̀ lábẹ́ orúkọ LM-63. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní 1986, wọ́n sì ti tún un ṣe lẹ́yìn náà, títí kan ẹ̀dà 2002 àti 2019 tí ẹ sábà máa rí orúkọ wọn ní ìlà àkọ́kọ́ fáìlì. LDT ni èyí tí wọ́n ń pè ní EULUMDAT, tó jáde ní Jámánì ní 1990, tí àwọn ará Yúróòpù sì fẹ́ràn.

Nínú IES, lẹ́yìn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TILT, ẹ máa rí ìlà tí nọ́ńbà tẹ̀ léra wọn nínú rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni iye gílóòbù, èkejì ni lumen gílóòbù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kẹta sì ni nọ́ńbà tí sọ́fúwíà máa fi sọ gbogbo candela (agbára ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan) tó wà nísàlẹ̀ di púpọ̀. Fún iná LED, -1 ló sábà máa ń wà ní ipò kejì. Ohun tó ń sọ ni pé odindi iná náà ni wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ, àti pé candela tí wọ́n kọ ni èyí tó jáde lára rẹ̀ ní tòótọ́. Nígbà tí iná onígò gígùn ṣì gbòde, lumen gílóòbù nìkan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, sọ́fúwíà á sì fi mọ iye tó ráyè jáde nínú àgò rẹ̀. Nínú LDT, iye gílóòbù tí wọ́n kọ pẹ̀lú àmì ìyọkúrò ló ń ṣe iṣẹ́ -1 yìí.

Nọ́ńbà kẹta yẹn gan-an ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí ó bá jẹ́ 1, kò sí ọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ 1.25, ẹ béèrè ẹni tó fi síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó jẹ́ èrú, nítorí pé iléeṣẹ́ lè wọn iná kan ní àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ 4000 K, kí ó sì fi nọ́ńbà yìí ṣe fáìlì ti 3000 K láti inú rẹ̀, nígbà tí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn ká kò yí padà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ kí yàrá rẹ̀ dé 500 lux (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí ojú ibì kan) láìfi iná kún un máa ń gbà wọlé. Nínú LDT, ó tilẹ̀ tún rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé candela fún lumen 1000 kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tó bá yí lumen padà ní ìlà kan ṣoṣo ti yí gbogbo ìṣirò padà nìyẹn.

Nítorí náà, ojúlówó níta, ẹ̀dà nínú sọ́fúwíà. Fódà kan wà lọ́dọ̀ wa tí a ń kó IES tàbí LDT sí bí ó ṣe ti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ wá, pẹ̀lú orúkọ tí iléeṣẹ́ fún un àti ìwé àlàyé iná náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan péré ló láṣẹ àtikọ nǹkan sínú fódà yìí, kíkà ni ti àwọn yòókù. Fódà kejì ni ti ẹ̀dà tí a ti fún lórúkọ ti ọ́fíìsì: iléeṣẹ́, nọ́ńbà iná, wáàtì, lumen, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, àti fífẹ̀ ìtànṣán. Láti inú fódà kejì yìí ni ẹ óò ti gbé e wọ DIALux àti Relux. ULD dára fún àwòrán àti ìrísí iná, ṣùgbọ́n ti DIALux ni, kò sì yẹ kí ọ́fíìsì tó ń lo sọ́fúwíà méjì fi í ṣe ìpìlẹ̀.

Ìwé Excel kan ni yóò so gbogbo rẹ̀ pọ̀, níbi tí ẹ ti kọ ibi tí fáìlì ti wá, ọjọ́ tó dé, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, àti bóyá iná náà ṣì wà lọ́jà. Èyí tí kò sí lọ́jà mọ́, ẹ má pa á rẹ́, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fáìlì iṣẹ́ DIALux evo máa ń gbé iná tí ẹ lò sínú ara rẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ àtijọ́ kò ní bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé òun fẹ́ fi yàrá kún ilé, inú yín á dùn pé ojúlówó ṣì wà.

Kí n tó gbàgbé: ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì tàbí sí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ sínú IES. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní àmì ni wọ́n ṣe ìlànà náà fún, bí ẹ bá sì kọ "ọ̀dẹ̀dẹ̀" síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí sọ́fúwíà kejì sọ ọ́ di rádaràda.

Ìyá Ìbejì Oníná (Àgbádárìgì) fèsì:

Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin ará mi. Ẹ́ńjíníà ti sọ ti fáìlì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjà, torí pé títa iná àti ríra rẹ̀ ni iṣẹ́ mi, ojú ọ̀nà márosẹ̀ Àgbádárìgì tí mo ń gbà lọ sílé náà ni Aláàbà wà.

Iná tí kò ní fáìlì pọ̀ lọ́jà ju èyí tó ní lọ, a kò sì lè máa ṣe bí ẹni pé kò sí. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń ra ẹyọ kan kí oníbàárà tó ra púpọ̀, màá sì wọ̀n ọ́n. Mítà tó ń ka wáàtì ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, torí pé wáàtì tí wọ́n kọ sí páálí àti wáàtì tí iná ń jẹ gan-an lè jìnnà síra wọn. Bí fólítéèjì bá ti wálẹ̀ jìnnà sí 230 lọ́jọ́ náà, ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi dúró dáadáa, tàbí kí ẹ lo inverter tó ń gbé iye tó yẹ jáde.

Lẹ́yìn náà ni mítà lux. Ẹ gbé iná kọ́ sókè lálẹ́ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ jẹ́ kí ó tàn fún bí ìdajì wákàtí kí ó lè gbóná dé ibi tí yóò dúró sí, ẹ sì gbé mítà sísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Lux tí ẹ bá kà, ẹ fi jíjìnnà rẹ̀ sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, candela ni ẹ óò rí. Ká ní iná náà wà ní mítà 2 sókè mítà lux yín, tí ẹ sì ka 180 lux: 180 lọ́nà 2 lọ́nà 2 jẹ́ 720 candela. Bí fáìlì iná tó jọ ọ́ bá sọ pé 1,200 ló yẹ kó wà nísàlẹ̀, iná ọwọ́ yín kò ju ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ níbẹ̀ yẹn.

Ẹ má dúró sí ìsàlẹ̀ nìkan. Ẹ gbé mítà náà sún mítà 2 sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ilẹ̀, kí igun rẹ̀ lè jẹ́ 45, ẹ sì tún kà á. Níbẹ̀, candela 600 kò ní fún yín ju bíi 53 lux lọ, torí pé ọ̀nà ti jìn, ìmọ́lẹ̀ sì ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ibi tí nọ́ńbà méjèèjì bá ti bá fáìlì kan mu jù ni ẹ óò ti mọ irú ìtànṣán tí iná yín ní. Òfin kan tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú di ni pé jíjìnnà mítà sí iná gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po márùn-ún ibi tó gùn jù lára iná náà. Iná àjà roboto tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n ọ̀pá LED tó gùn ní mítà 1.2 ń béèrè mítà 6, kò sì sí pálọ̀ tó ga tó bẹ́ẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí tó ṣófo ni mo máa ń yá fún irú èyí.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń mú fáìlì iná tó ní ìrísí kan náà, màá dín lumen rẹ̀ kù dé iye tí mo wọ̀n, màá sì fi sínú àká mi. Kò péye bí ti iléeṣẹ́ àyẹ̀wò, n kò sì sọ pé ó péye bẹ́ẹ̀. Ó sàn ju páálí lọ.

Ọmọ Ipakodo (Ìkòròdú) fèsì:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ má bínú pé mo fẹ́ jiyàn díẹ̀. Wíwọ̀n tí ẹ ṣàlàyé yẹn wúlò gan-an, èmi náà máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Fífi fáìlì àyálò sínú àká kan náà pẹ̀lú ojúlówó ni n kò fara mọ́. Orúkọ iléeṣẹ́ tó ni fáìlì náà wà nínú rẹ̀ ní ibi tí wọ́n kọ MANUFAC sí, nọ́ńbà àyẹ̀wò wọn sì wà níbi TEST. Bí ẹ bá dín lumen kù tí ẹ sì fi orúkọ sílẹ̀, ìwé ìṣirò tí DIALux máa tẹ̀ jáde yóò sọ pé iná iléeṣẹ́ ńlá ni ẹ lò, bẹ́ẹ̀ iná Aláàbà ló wà lókè àjà. Ọ̀rọ̀ náà kò ní hàn títí ìjà yóò fi dé láàárín agbaṣẹ́ṣe àti onílé, ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ni wọ́n sì máa gbé síwájú.

Àbá mi ni pé kí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ní fódà tirẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AYALO, láìsí àmì ohùn gẹ́gẹ́ bí Ẹ́ńjíníà ti kìlọ̀, kí ẹ yọ orúkọ iléeṣẹ́ àti nọ́ńbà àyẹ̀wò kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ wọn iná náà síbẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde, AYALO ni ẹni tó ń kà á yóò kọ́kọ́ rí. Fún ilé gbígbé, mo gbà kí a lò ó. Fún yàrá ìkàwé tàbí ibi tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ tó lè géni lọ́wọ́, n kò ní fọwọ́ sí i, màá sọ fún oníbàárà pé kó ra iná tó ní fáìlì.

Ọ̀rọ̀ kejì jẹ mọ́ iná ojú pópó, torí pé mo ti bá a pàdé nínú iṣẹ́ ẹ́síteéètì lágbègbè wa níbí. IES àti LDT kò bẹ̀rẹ̀ kíka igun láti ibì kan náà. Nínú IES, òdo igun iná pópó dojú kọ ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n nínú LDT, òdo náà bá ọ̀nà lọ gbọọrọ, C90, ìyẹn igun 90, ló sì dojú kọ ojú ọ̀nà. Ìyàtọ̀ igun 90 nìyẹn. Sọ́fúwíà mọ èyí, ó sì máa ń tún un ṣe fúnra rẹ̀ bí ẹ bá gbé ojúlówó wọlé. Wàhálà máa ń dé bí ẹnìkan bá ti fi irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ IES di LDT, tí ó sì tọ́jú àyípadà náà bí ẹni pé ojúlówó ni. Ìmọ́lẹ̀ á wá lọ gbọọrọ sí ibi tí kò yẹ, ọ̀nà á sì ṣókùnkùn láàárín. Kí ẹ tó gba iná pópó èyíkéyìí sínú àká, ẹ gbé ẹyọ kan sórí ilẹ̀ gbalasa nínú sọ́fúwíà, kí ẹ sì wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí.

Ìyá Ìbejì Oníná (Àgbádárìgì) fèsì:

Ọmọ Ipakodo, mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí orúkọ iléeṣẹ́, òótọ́ ni pé kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ti ilé ẹ̀kọ́ ni n kò gbà. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí mò ń tà fún kò lè ra iná tó ní fáìlì, bí ìwọ bá sì kọ̀, ẹni tí kò ní mítà rárá ni yóò bá wọn ṣe é. Kí a wọ̀n ọ́n, kí a kọ AYALO sí i gàdàgbà, kí a sì fi iná díẹ̀ kún un ju ohun tí ìṣirò sọ lọ, ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju kíkọ̀ lọ.

Oníná Ṣàbó (Ìkòròdú) béèrè síwájú sí i:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ṣí mẹ́ta nínú àwọn fáìlì wa pẹ̀lú Notepad, mo sì ti rí èyí tí nọ́ńbà kẹta rẹ̀ jẹ́ 0.8. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé nítorí eruku ọyẹ́ àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ṣe dín in kù, kí ìṣirò lè bá bí iná yóò ṣe rí lẹ́yìn ọdún mélòó kan mu. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Mo sì tún gbọ́ nípa GLDF, irú fáìlì iná mìíràn. Ṣé kí a kúkú kó gbogbo rẹ̀ lọ síbẹ̀?

Ẹ́ńjíníà Noforija (Ẹ̀pẹ́) fèsì:

Rárá o, ẹ dá a padà sí 1 tàbí kí ẹ wá ojúlówó. Iná tuntun ni fáìlì gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo. Eruku, gbígbó LED àti kíkú iná ní ààyè tiwọn nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tí DIALux evo ti ń béèrè iye ìtọ́jú, ìyẹn nọ́ńbà tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù nínú ìṣirò nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyí, tó sì máa ń gbé 0.80 síbẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: 0.8 ti wà nínú fáìlì, sọ́fúwíà tún fi 0.80 lé e, ó di 0.64, iná yín á sì pọ̀ ju bó ti yẹ lọ láìsí ẹni tó mọ ìdí. Bí ibi iṣẹ́ bá sì yàtọ̀, bí i ibi tí wọ́n ti ń lọ ìyẹ̀fun ní Odogunyan àti yàrá tó ní afẹ́fẹ́ tútù, iye ìtọ́jú wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ kò sì lè máa ṣe fáìlì tuntun nítorí eruku ibì kọ̀ọ̀kan.

Ní ti GLDF, DIAL tó ni DIALux ní Jámánì àti Relux tó wà ní Switzerland ló jọ gbé e jáde ní 2021, nítorí náà ọ̀ràn ọ́fíìsì yín gan-an ló wà fún. Páálí kan ló jẹ́, tí ìtànṣán, ìrísí iná, àwòrán àti oríṣiríṣi ẹ̀yà iná kan náà jọ wà nínú rẹ̀, dípò kí ẹ ní fáìlì ọ̀tọ̀ fún 3000 K àti 4000 K. Bí iléeṣẹ́ bá fún yín ní GLDF, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ sì ni fáìlì AYALO ti Ìyá Ìbejì kò nílò irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ má ju IES àti LDT yín nù.

Ẹ má sì gbìyànjú láti tún gbogbo fódà àtijọ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi fódà náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ ti í pa kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kún un mọ́, kí iná kọ̀ọ̀kan máa wọ àká tuntun lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kan bá béèrè fún un, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí ojúlówó rẹ̀ gbà. Àwọn iná òrùlé gíga fún ilé ìkẹ́rùsí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí pé àwọn ni ẹ ń lò jù, wáàtì wọn ló sì pọ̀ jù.